Méjìlá Lókè, Méjìlá Nísàlẹ̀

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọlọ́fíndé tún gbé ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ dé
nínú àpò sìmẹ́ńtì, lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì.
"Ó tún ti yadi," ló wí. Kò jókòó.
Mo ṣí i. Òórùn rẹ̀ ti ṣáájú mi wọlé,
òórùn ike tó jóná, tí í há síni lọ́fun.
Kòkòrò dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó yẹ kó gbé ohùn dìde
ti là lẹ́yìn bí ẹ̀wà tó pẹ́ lórí iná.

Má bi mí iye ìgbà tí mo ti rà á ní Kútọnu.
Owó ọkọ̀ nìkan tó ra adìẹ.

Mo ti rí ọmọ tí wọ́n rọ lẹ́kọ
títí ẹ̀kọ fi gba imú rẹ̀ jáde.
Ìyẹn ni mo rántí. Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Mo fi míta kan ojú iná rẹ̀, mo ń wò.
Nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀rọ ìlọgbàdo ń ké jákèjádò Kétu,
nọ́ńbà ò ju mẹ́tàdínlógún lọ; ara rọ̀.
Ẹ̀rọ kan dákẹ́. Òmíràn dákẹ́.
Ìyá àgbà ilé kejì ti ilẹ̀kùn.
Aago mọ́kànlá: ogún.
Ọ̀gànjọ́: méjìlélógún lókè, méjìlélógún nísàlẹ̀,
bẹ́ẹ̀ méjìdínlógún ni ẹni tó ṣe é sọ pé ó lè gbé mọ.
Iná tí gbogbo wa ń bẹ̀ lójú ọ̀sán pé kó wá
ló ń wá lóru, tí kò rí ẹni jẹ ẹ́,
ló wá ń ki gbogbo ara rẹ̀ sí kòkòrò kan lẹ́nu.

"Màá dín iná rẹ̀ kù."
Ojú Ọlọ́fíndé kọ́rẹ́ lọ́wọ́.
"Dín kù kẹ̀? Mo fẹ́ kó ké ni,
kì í ṣe kó máa sọ̀rọ̀ bí aláìsàn."
Mo ní: ohùn inú téèpù rẹ yìí,
bí a bá wọ̀n ọ́n, kò tó ààbọ̀ fóòtì.
Ẹni tó ń sùn lórí ẹní kan,
kí ló fẹ́ fi gbọ̀ngàn ṣe?

Mo fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì sẹ́nu ọ̀nà,
ọ̀kan fún iná òkè, ọ̀kan fún iná ìsàlẹ̀.
(Ẹsẹ̀ wọn ò tò bákan náà. Ìka mi tó jó ló kọ́ mi.)
Mo gé ìdérí ìkòkò kan tó ti lu,
mo pín in sí méjì, mo so ó mọ́ wọn lẹ́yìn,
kí ooru ohun tí wọn ò gbà kọjá rí ibi jáde sí.
Bó ti wù kí iná ga lóru,
méjìlá ni wọn yóò máa bù fún un,
bí ìyálé tó mọ ìwọ̀n ìkòkò rẹ̀.

Ó ki téèpù bọ̀ ọ́.
Ariwo bí òjò lórí páànù, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀
tó ti sùn láti ọdún mọ́kàndínlógún,
tó ń ka gbèsè gàrí fún ọmọ tí ìwé ò tíì yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Dósù alápatà, ẹgbẹ̀ta fráǹkì.
Ìyàwó Kílẹ̀má, igba. Ó ní ó di ọjọ́ ọjà; irọ́ ni.
Ṣé o kọ ọ́?"
"Mo kọ ọ́."
Ohùn náà kò fi ìka kan rẹlẹ̀.
Ọlọ́fíndé ń wo ilẹ̀.

A wà níbẹ̀ títí àwọn ẹ̀rọ fi dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ń wo míta. Kò mì.
Nínú téèpù, ìyá wúkọ́, ó mí kanlẹ̀,
ó ní: "Ọlọ́fíndé, pa á. Bátìrì ń tán."